Kò Ní Ku Ọmọ Kan ní Àrẹ̀mọ

Leicester,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìnájà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Ara mi le, iṣẹ́ nìkan ló ń jẹ mí níyà. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú kì í fẹ́ rí mi kí n jókòó. Ayọ̀mídé ọmọ mi ńkọ́? Ṣé eyín rẹ̀ tó yọ níjọ́sí ti hù? Ẹ bá mi sọ fún un pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní pẹ́ mọ́ tí yóò fi wá bá mi.

Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń pè yín, fóònù yín kò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí orí kọ̀ǹpútà Bushrah ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, pé kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún yín nígbà tí ẹ bá ń ti ọjà bọ̀.

Màmá, mo rí fídíò Ládiípọ̀ o! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń wá ipò alága káńsù, tó gun pèpéle ní Mápó lójú gbogbo èrò, tó wá lanu ní: "Bí ẹ bá gbé mi wọlé, kò ní ku ọmọ kan ní Àrẹ̀mọ!" Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Àbí gbogbo wọn ló fẹ́ kó jápa? Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa ọmọ Ìbàdàn tó wà níhìn-ín, ilé ò gbà wá fún ẹ̀rín.

Ẹ bá mi kí i, kó má ro ara rẹ̀ pin. Ọkùnrin kan tó ń du ipò ní àdúgbò mi níhìn-ín náà ṣi orúkọ àdúgbò ọ̀hún pè níwájú àwọn èèyàn. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìbò fún un. Afẹ́fẹ́ lásán lọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ẹ sì tan fóònù yín.

Ọmọ yín,
Morẹ́nikẹ́.


Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún.

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú òtútù, o kú ìforítì. Olúwa tó gbé ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ayọ̀mídé ní kí n sọ fún ọ pé eyín òun ti hù, ó sì tóbi ju èyí tó yọ lọ.

Fóònù mi kò bàjẹ́. Mo pa á ni, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Àwọn géńdé kan ń yí Àrẹ̀mọ ká, wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n ń wá ẹni tó ká ohùn Ládiípọ̀ sílẹ̀ àti ẹni tó ń pín in kiri. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ ló rán wọn níṣẹ́. Àwọn kan ní rárá, ti Àyànníyì tí wọ́n jọ ń du ipò ni wọ́n. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní ìyànà wa, wọ́n lù ú títí apá rẹ̀ fi yẹ̀. Ìwọ tó o wà lókè òkun lo ń pín in láàárín ẹ̀rín. Ǹjẹ́ o mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí? Ìwé ni kí a máa kọ síra wa. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ohùn tèmi náà.

Ẹ̀rín rẹ dùn mí, ọmọ mi. Mo wà ní Mápó lọ́jọ́ yẹn. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi àwa obìnrin ìjọ wa sí, èmi àti Ìyá Ládiípọ̀ sì jọ jókòó. Òjò ti ṣú. Ládiípọ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ti sọ̀rọ̀ dáadáa bọ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá ní, "Bí ẹ bá gbé mi wọlé, kò ní ku ọmọ kan ní Àrẹ̀mọ..." Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kú sí. Òun kò tètè mọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Èmi tí mo wà lábẹ́ imú rẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ó ní, "...tí kò ní lọ sílé ìwé." Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ìlàjì rẹ̀ ló dé etí èrò, ìlàjì kejì kò kọjá ọ̀dọ̀ wa.

  Obìnrin kan ló kọ́kọ́ pariwo lẹ́yìn wa: "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Orí ẹ ni kó padà sí!" Kí a tó mọ̀, àwọn ìyá ti ń ta ìka yí orí ọmọ wọn ká, wọ́n ń pọ̀n wọ́n, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ fi máa tàn, Ládiípọ̀ ń ṣàlàyé fún àga òfìfo.

O ní afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bóyá lọ́dọ̀ yín. Níhìn-ín, ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lè gbọn eruku nù kó máa lọ. Ẹni tó fẹnu kọ, ibẹ̀ ni yóò wà. Oníbàárà kan wá ra síìpù lọ́wọ́ mi ní Ọjà'ba lánàá, mo ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò parí ni. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, bí kò bá sí nínú, báwo ló ṣe dé ẹnu?" 

Ìyá Ládiípọ̀ ti wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí n dìde níbẹ̀ kí n sọ ohun tí etí mi gbọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò gba ẹ̀rí òun gbọ́ lórí ọmọ òun. O mọ ẹni tí Esther, ìyá Ládiípọ̀, jẹ́ sí mi. Nígbà tí mo bí ọ tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀, òun ló gbé ọ. Ládiípọ̀ ń mu ọmú ọ̀tún, ìwọ ń mu tòsì. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá rẹ,
Eunice.


Leicester,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì mí díẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti dà báyìí. Mo ti ní kí àwọn tí mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí pa á rẹ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ má bínú, ó yà mí lẹ́nu. Ọmọdé tó bá lọ sílé ìwé ló yẹ kó mọ̀ pé gbólóhùn náà kò tíì parí. Ṣé wọn kò mọ Ládiípọ̀ ni? Ṣé òun kọ́ ló bá wọn tún ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe nígbà tí kò tíì máa wá ipò kankan? Kí ni Àyànníyì ti ṣe fún wọn rí, yàtọ̀ sí pé ẹnu rẹ̀ dùn? Ẹ̀yin ará ilé lẹ máa ń fi ẹnu ọkùnrin wọn ìwà rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde níbi ìpàdé yẹn. Mo mọ oore tí Màmá Esther ṣe, n kò lè sẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé pẹ̀lú ọmọ mi. Ẹ rí ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń ta káàdì. Òkodoro ọ̀rọ̀ yóò fúnra rẹ̀ jáde. Ìbò ló ń bọ̀ yìí, yóò kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kúrò níbẹ̀ ná, kí ẹ tó máa jà fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Morẹ́nikẹ́.


Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà.

Morẹ́nikẹ́,

O kú àtijọ́. Má bínú pé n kò tètè dáhùn. Ọkàn mi ni kò lélẹ̀.

Mo ṣe bí o ti wí. Mo lọ sí ìpàdé náà, mo sì dákẹ́. Baálé béèrè, ó ní, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà níhìn-ín tó gbọ́ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo wa gbọ́?" Ìyá Ládiípọ̀ yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mójú kúrò lára mi. Láti ọjọ́ náà, a ń kíra wa, àmọ́ kì í dúró mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni n kò mọ bí n ó ṣe kọ. Ọmọkùnrin Jamilah kú. Jamilah tó ń ta ẹ̀wà ní ìyànà, aládùúgbò wa tó máa ń fi èépá ìkòkò sílẹ̀ fún Ayọ̀mídé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá a. Kí wọ́n tó sin ín tán, ọ̀rọ̀ ti gba gbogbo àdúgbò. Kò sí ẹni tó pe orúkọ àìsàn kankan. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n ń tún sọ, láti agbo ilé kan sí èkejì, bí ẹni ń ka Bíbélì. Kò ní ku ọmọ kan. Jamilah fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń ka ìka.

Ọmọ méjì mìíràn ti dùbúlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wọ́n fọ́ gbogbo fèrèsé ilé Ládiípọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ìyẹn gan-an ló wá burú jù, nítorí wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti kó tiẹ̀ sá." Àyànníyì wá kí Jamilah kú ọ̀fọ̀, ó jókòó sórí ẹní tì í, ó sunkún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, kò ṣi ẹyọ kan sọ.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ti ya, kànga agbo ilé wa sì ti kún dé ẹnu. Omi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó ní òórùn, àmọ́ mo ń fi álọ́ọ̀mù sí i, ó ń tòrò.

Ayọ̀mídé ń kí ọ. Inú ń run ún díẹ̀ láti àárọ̀ yìí, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Mo ti fún un ní àgbo, mo ti fi òróró àdúrà pa á níkùn. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Mo fẹ́ sáré gbé lẹ́tà yìí fún Bushrah kí òjò tó tún dé.

Ìyá rẹ,
Eunice.


Leicester,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà.

Màmá,

Bushrah ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lẹ́tà yín ránṣẹ́. Omi ni! Omi kànga yẹn ni! Ẹ má fún un mu mọ́, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi fọ ẹnu. Álọ́ọ̀mù kò pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Onígbáméjì ló ń jà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ se omi mìíràn, ẹ fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, bó bá tilẹ̀ ń bì í. Ẹ fi àgbo sílẹ̀. Ẹ tan fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fóònù yín.

Morẹ́nikẹ́.


Leicester,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà.

Màmá,

Mo pe Bushrah. Ó ní wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì, òun ti ti ṣọ́ọ̀bù, òun kò lè la ibẹ̀ kọjá wá sí Àrẹ̀mọ. Lẹ́tà mi ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò dé ọwọ́ yín. Mo mọ̀ pé èyí náà kò ní tètè dé ọwọ́ yín, síbẹ̀ mò ń kọ ọ́.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá mi láti wá sílé. Wọ́n ní kí n ní sùúrù di òpin oṣù. Arúgbó kan tí mo ń wẹ̀ béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo sọ fún un pé ọṣẹ ló kó sí mi lójú.

Morẹ́nikẹ́.


Leicester,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà.

Màmá mi,

Ẹ kò tíì dáhùn. Bushrah ní òun rán èèyàn gba ọ̀nà Bẹ́yẹrúnkà, ó bá ilẹ̀kùn yín ní títì. Kò sí ẹni tó sọ ibi tí ẹ lọ fún un. Wọ́n kàn ń wò ó.

Mo mọ̀ pé omi ni. Ẹ gbọ́ mi, mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ládiípọ̀ kò parí ni, mo mọ̀ pé kò ní ibi kankan lọ́kàn sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo dùbúlẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Fídíò tí mo fi rẹ́rìn-ín, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ yìí, n kò lè wò ó dópin.

Bí ọmọ mi bá wà láàyè, Màmá, ẹ má dìbò fún un. Mo bẹ̀ yín. N kò ní àlàyé. Ẹ má fi ọwọ́ yín tẹ ìwé sí orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ tó ní "bí ẹ bá gbé mi wọlé" yẹn á wá ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn.

Ẹ dá mi lóhùn.

Morẹ́nikẹ́.


Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Ọmọ rẹ wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí n tó kí ọ. Ó ti jẹun lónìí, ó sì bá mi jà lórí pé n kò fún un ní ẹran. Ó ti gbọ́ pé o ti ń pè lórí fóònù Bushrah. Ẹ ó jọ sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ Bushrah dé lọ́jọ́ yẹn, mo bá a nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ funfun. Mo gbé e pọ̀n, mo bọ́ síta. Òjò ń rọ̀. Kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé wa, wọ́n rí bó ṣe ń bì. Mo ń pariwo lójú títì ni mọ́tò kan dúró. Ládiípọ̀ ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Àwọn obìnrin ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Jamilah ló sáré wá, kò wé gèlè, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. "Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ má gbé e fún un! Tèmi ò tíì tó o ni? Ẹ má gbé e fún un!"

Mo wo Ládiípọ̀. Mo wo ọmọ tó ń kú lọ lẹ́yìn mi. Mo gbé e fún un.

Láti Àrẹ̀mọ títí a fi dé ilé ìwòsàn, ọkùnrin náà kò la ẹnu. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ládiípọ̀, ṣé a máa bá a débẹ̀?" Ó mi orí. Mo ní kó gbàdúrà fún wa. Ó tún mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ náà. Ẹni tó ti ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀.

Wọ́n fa omi sí i lára, a sì sùn síbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Bí o ti wí ló rí, onígbáméjì ni. Àwọn elétò ìlera tẹ̀ lé wa dé àdúgbò, wọ́n yọ omi kànga wò, wọ́n sì fi pákó dí i. Wọ́n fi oògùn sí ilé gbogbo. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tó tún dùbúlẹ̀.

Mo wá pe àwọn obìnrin jọ níbi ẹ̀rọ omi tí a ń pọn báyìí. Mo ní ẹ gbọ́, mo wà ní iwájú ní Mápó. Jẹnẹrétọ̀ ló kú. Ohun tó sọ nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó yẹ kí n sọ níbi ìpàdé, mo sọ ọ́ tán pátá. Wọn kò bá mi jiyàn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Jamilah ló dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "A gbà yín gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni jẹnẹrétọ̀ náà ti kú?"

Àwọn lẹ́tà rẹ wá dé ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ, Morẹ́nikẹ́? Ìwọ tó o ní afẹ́fẹ́ ni? Ọkùnrin tó gbé ọmọ rẹ lé àyà ni o ní kí n má dìbò fún? N kò bá ọ jà, ìyá ọmọ ni ọ́. Àmọ́ n ó dìbò fún un. Mo ti sọ fún Ìyá Ládiípọ̀. Ó dì mọ́ mi lójú ọ̀nà, a jọ sunkún.

Ìyá rẹ,
Eunice.


Leicester,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Màmá mi, olùgbàlà ọmọ mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo gbọ́ ohùn Ayọ̀mídé, mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Mo ti jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ẹ dárí jì mí lórí ohun tí mo kọ. Mo tún un kà, ojú tì mí bí ẹni tó wà ní ìhòòhò. Kì í ṣe èmi ni, ìpayà ni. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ládiípọ̀, ẹ ní arábìnrin rẹ̀ ní kí ẹ kí i. Ẹ dìbò fún un. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún èmi náà, nítorí n kò sí nílé láti tẹ tèmi.

Ìwé ìrìnnà ti jáde. Ní oṣù tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ wá mú un.

Morẹ́nikẹ́.


Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn,
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹfà.

Morẹ́nikẹ́,

O kú ìmúra ọ̀nà. Wàá bá wa láyọ̀. Ayọ̀mídé ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé, ó ń tú u, ó ń tún un dì.

Àwọn míì á ti sọ fún ọ pé Àyànníyì ló wọlé. Wọ́n yọ̀ títí. Kí n tó sọ ìyókù, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nínú àdúrà gan-an, kò tíì jáde lẹ́nu mi.

A tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ ìbò. Mo mú Ayọ̀mídé dání nítorí n kò ní ẹni tí n ó fi í tì. Kò sí ẹni tó ń pariwo. Ìyá Ládiípọ̀ ti dìbò tirẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Nígbà tó kàn mí, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn mi, mo gba ìwé, mo lọ síbi tí wọ́n ta aṣọ bò. Mo ti ìka bọ tàdáwà. Àmì ìkòkò ni ti ẹgbẹ́ Ládiípọ̀, àga ni ti Àyànníyì. Mo rí ìkòkò náà kedere. Ojú mi kò ṣe bàìbàì, ẹnikẹ́ni kò sì wò mí.

Mo mọ gbogbo rẹ̀, Morẹ́nikẹ́. Mo mọ ohun tí ọkùnrin náà sọ, mo mọ ohun tó wà nínú kànga, mo mọ ẹni tó gbé ọmọ. Mo na ìka lọ sórí ìkòkò. Nígbà náà ni Ayọ̀mídé húkọ́ lórí ìlà níta. Ikọ́ lásán, eruku ló fà á. Mo dúró. Mo bi ara mi ní ohun tí Jamilah bi mí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára."

Àga ni mo tẹ̀.

Mo ká ìwé náà, mo jù ú sínú àpótí, mo mú ọmọ rẹ lọ́wọ́, a sì lọ sílé. N kò sunkún. Ó yà mí lẹ́nu pé ara mi fúyẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka ìbò ibùdó wa síta. Ti Ládiípọ̀ kò pọ̀ rárá. Lánàá ni Ìyá Ládiípọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ti gbó lójijì. Wọ́n ń kó lọ bá àwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá dágbére. Ó ní òun ti jókòó, òun ti ka àwọn ará ilé òun tó dìbò níbẹ̀, òun ka ara òun mọ́ wọn, ẹyọ ìbò kan ló ṣẹ́ kù tí òun kò rí ẹni tó ni ín nílé.

N kò mọ ẹni tó ni ìbò yẹn. Mo ti ń wo ojú gbogbo wọn níbi ẹ̀rọ omi láti àná, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan wà ní Àrẹ̀mọ tí kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní oore ọmú, tó sì tẹ ìkòkò.

Esther kúnlẹ̀, Morẹ́nikẹ́. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Gbogbo ayé kọ ọmọ mi, ìwọ nìkan ni o kò kọ̀ ọ́. Mo dúpẹ́."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ìyá rẹ,
Eunice.